Ìyá Mi, Ẹ̀jẹ̀ Yín Di Ẹ̀dọ̀ Lọ́wọ́ Mi

Ó di gbére o, Ìyá mi. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Aguidi, aya Pobè, ẹ ti lọ síbi tí taksí kì í ná, síbi tí físà kankan kò lè gbé mi dé. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ni mo ti ń wá yín káàkiri ilé yìí bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Mo wọ yàrá, aṣọ funfun tí ẹ ń wọ lọ sí ilé ìjọsìn wà lórí ìkọ́, òórùn ọṣẹ ṣì wà lára rẹ̀. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, agolo tí ẹ fi ń bomi rin ọmọ ọ̀pẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù. Ohun gbogbo wà níbi tí ẹ fi í sí. Ẹ̀yin nìkan ni mo wá tí n kò rí.

Èmi Ìbídùn ni, àbígbẹ̀yìn yín, èyí tó wà lókè òkun. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá bá wa sin yín lónìí ni wọ́n ti gbọ́ ọ pé Ìbídùn gba ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ sílùú òyìnbó, ó sì fi ṣe ẹ̀dọ̀. Àwọn kan bi mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Àwọn kan kò lè bi mí, wọ́n kàn ń wò mí ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́ gan-an, nítorí ìtàn yín ni, ẹ kò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ẹ wà láyé.

Aguidi, lábẹ́ Sakété, ni wọ́n bí yín sí, nínú ilé àgbẹ̀. Ilé ọkọ ló gbé yín wá sí Pobè. Ibẹ̀ ni ẹ ti rí iṣẹ́ sí ọgbà kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ọ̀pẹ. Ẹ ń bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ẹ ń gbin hóró tó ti hù sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sì ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí bàbá wa kú, tí èmi ṣì wà ní lekọ́ọ̀lì, ilé ìwé kékeré, ẹ dá ọgbà tiyín sílẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ọmọ ọ̀pẹ ni ẹ fi tọ́ wa. Àwọn àgbẹ̀ láti Ahoyéyé títí dé Yoko mọ ilé wa, wọ́n ní ọ̀pẹ Ìyá Bíọ́dún kì í kú lóko. Bí wọ́n bá bi yín léèrè àṣírí rẹ̀, ẹ ó ní kò sí àṣírí kankan, ẹ kàn máa ń wo ojú ewé kí ẹ tó bomi sí i ni. "Ohun tó bá wà láàyè yóò sọ ohun tó ń ṣe é, bí èèyàn bá lè farabalẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa ń wí. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi sú mi nígbà èwe mi. Lónìí, kí ni n kò ní fi sílẹ̀ kí n lè tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré.

Ẹ ní àléébù tiyín. Ata yín pọ̀ jù. Ẹni tó bá gba àárín ọgbà yín kọjá yóò gbọ́ èébú dé orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ kì í sì í dúró de ẹni tó bá pẹ́ láti múra fún ìsìn. A ó kàn rí ẹ̀yìn yín lọ́nà, ẹsẹ̀ lásán, aṣọ funfun, ẹ̀ ń yára lọ bí ẹni tí wọ́n ń dúró dè níbẹ̀. Ẹ̀yìn yín yẹn ni mo máa ń rí lójú àlá báyìí. N kì í lé yín bá.

Ọmọ méjì ni ẹ bí. Bíọ́dún ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí. Ó ga, ó lẹ́rìn-ín, ó ń tún alùpùpù àwọn onízémì tó ń gbé èrò ṣe lẹ́bàá ọjà. Ó fẹ́ Àdùkẹ́, ọmọ Ahoyéyé, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Ṣadé. Ọmọ náà kò tíì rìn nígbà tí ẹyinjú Bíọ́dún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n bí ìyeyè. A ní ibà pọ́njú ni, a fún un ní àgbo. Inú rẹ̀ wú. A gbé e lọ síbi àdúrà, lẹ́yìn náà a gbé e lọ sí òpitáà àwọn dókítà, ó sì ti pẹ́ jù. A sin ín kí òjò ọdún náà tó dá.

Ibi tó dùn mí jù nínú ìtàn yìí ni mo dé yìí. N kò ní fò ó, nítorí ẹ̀yin fúnra yín kì í fò ó. Nígbà tí inú Bíọ́dún wú, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé inú kì í wú lásán, pé ẹni tó ń se oúnjẹ fún un ló mọ ohun tó fi sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti ìta wọlé. Ẹ gbà á gbọ́, Ìyá mi. Ẹ kò lé Àdùkẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ìbátan ń lé e, ẹ kọjú sí ògiri. Ó di ẹrù rẹ̀, ó pọn Ṣadé, ó gun zémì padà sílé bàbá rẹ̀ ní Ahoyéyé. Wọn kò jẹ́ kó sunkún ọkọ rẹ̀ tán.

Mo wà ní yunifásítì nígbà náà, mò ń kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Lọ́jọ́ kan mo ṣí ìwé, mo kà nípa àrùn mẹ́dọ̀wú: pé ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀ ènìyàn fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láìpariwo, pé inú ń wú nígbà tí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ tán, pé ìyá lè kó o ran ọmọ lọ́jọ́ tó bí i. Mo kà á, mo tún un kà. Mo wá sílé, mo bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ ká lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wa wò ní òpitáà ńlá tó wà ní Àjàṣẹ́. Ẹ ní ara yín le. Mo ní ara Bíọ́dún náà le. Ẹ wọ bàtà, ẹ tẹ̀lé mi.

Wọ́n rí i lára yín. Wọn kò rí i lára mi. Dókítà ọ̀dọ́ kan ló sọ ọ́ fún wa. Ẹ tẹjú mọ́ ọn, ẹ bi í pẹ̀lẹ́, "Ṣé èmi ni mo kó o ran ọmọ mi?" Kò purọ́ fún yín. Ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bí i gan-an. Ó ní ẹ kò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún yín, ọ̀pọ̀ ìyá nílẹ̀ wa ló ń gbé e kiri bẹ́ẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A wọ taksí padà, a kọjá Sakété. Ẹ wá di ọwọ́ mi mú. Ẹ ní, "Ìbídùn, ohun tó ti ara mi jáde ni mo gbé ru ọmọ ọlọ́mọ."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ẹ ní kí n sin yín lọ sí Ahoyéyé. Ẹ̀gbọ́n yín ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Aguidi, gbọ́ ọ, ó ní àgbà kì í bẹ ọmọdé ní gbangba, kí ẹ rán ẹnìkan. Ẹ ní gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ rẹ̀ jẹ́, ní gbangba náà ni ẹ ó ti tún un ṣe. Nígbà tí a débẹ̀, bàbá Àdùkẹ́ wà níwájú ilé, àwọn aládùúgbò ń pé jọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ orí yín. Ẹ sọ orúkọ àrùn náà, ẹ sọ bó ṣe wọ ara Bíọ́dún, ẹ kò fi ẹyọ kan pa mọ́. Ẹ wá ní, "Ọmọ yín kò pa ọmọ mi. Wọ́n parọ́ mọ́ ọn lójú mi, mo sì dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo wá bẹ̀bẹ̀ fún."

Àdùkẹ́ kò jáde. Bàbá rẹ̀ fà yín dìde, ó tẹ́ ẹní fún yín, wọ́n gbé omi wá. Ẹ ní ẹ kò ní mu omi títí ẹ ó fi fojú kan ọmọ náà. A jókòó títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Nígbà tí Àdùkẹ́ jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́, ó ń wò yín. Ó gbé Ṣadé lé yín lẹ́sẹ̀, ó sì padà wọlé. Ẹ mu omi náà. Ìgbà tí a fẹ́ máa lọ ló tó bọ́ síta, ó bi mí níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Àrùn náà kò sí lára rẹ̀, kò sí lára Ṣadé. Kì í ṣe ọjọ́ kan ló padà sínú ilé yìí. Ó kọ́kọ́ ń mú ọmọ wá kí yín, lẹ́yìn náà ó ń bá yín bu iyẹ̀pẹ̀ sínú ọ̀rá, lẹ́yìn náà ó ní ẹní tirẹ̀ ní yàrá kejì. Gbogbo ẹni tó wà níbí ló mọ̀ pé òun ló tọ́jú yín dé òpin. Èmi tí ẹ bí kò sí nílé.

Ní tèmi, ẹ̀kọ́ gbé mi lọ sókè òkun. Nítorí Bíọ́dún ni mo ṣe wá iṣẹ́ lọ sí ilé ìwádìí tí mo wà, tí à ń pè ní labó. Ẹ bi mí lórí fóònù ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀ gan-an, ẹ ní kí n má sọ èdè ìwé fún yín. Mo ní, àrùn tó pa Bíọ́dún, inú ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló ti ń gbilẹ̀; ti eku tí wọ́n fi ń ṣe ìdánwò kò bá a lára mu. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe ń sá pamọ́, àti oògùn tó lè lé e jáde, ẹ̀dọ̀ ènìyàn ló gbọ́dọ̀ máa wò, kò sì sẹ́ni tí a lè máa ṣí inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń gbin ẹ̀dọ̀ kékeré. A ní ẹ̀rọ kan tó ń tẹ nǹkan jáde bí èyí tó ń tẹ ìwé, ṣùgbọ́n kì í ṣe tàdáwà ló ń lò, ohun kan tó ń dán, tó sì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù ni. Ìlà lórí ìlà ló ń tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi di nǹkan oníhò bí afárá oyin, tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Inú àwọn ihò yẹn ni a ń fi hóró ẹ̀dọ̀ sí, hóró kéékèèké tí a fi mọ ara, tí ojú lásán kò lè rí. Bí a bá tẹ́ wọn sínú àwo pẹrẹsẹ, wọ́n á wà láàyè, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń gbàgbé iṣẹ́ wọn. Nínú afárá, wọ́n á di ara wọn mú, wọ́n á sì máa ṣe bí ẹ̀dọ̀ ti ń ṣe.

Ẹ ní, "Ta ló ni àwọn hóró náà?"

Mo ní àwọn ará ibẹ̀ tó yọ̀ǹda ni. Ẹ bi mí bóyá kò sí ti ará ilé wa kankan, mo ní kò sí. N kò lè sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Ọ̀gá wa ti bi mí bóyá mo mọ ẹnìkan nílé tí àrùn náà wà lára rẹ̀ tó lè gbà. Kò la abẹ lọ. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni, a ó mú hóró inú rẹ̀ padà sí bó ṣe wà nígbà ọlẹ̀, a ó sì kọ́ ọ títí yóò fi di hóró ẹ̀dọ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí ọ̀rọ̀ náà ti wà lẹ́nu mi tí ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi. "Ẹ gba tèmi. Ẹ̀jẹ̀ yìí gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Kó lọ síbi tí yóò ti ṣe ọmọ ẹlòmíràn lóore."

Bàbá Aguidi ní àwọn òyìnbó fẹ́ tà yín ní wẹ́wẹ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní ta ni yóò ra ẹ̀jẹ̀ arúgbó. Ní Àjàṣẹ́, nọ́ọ̀sì kan ka ìwé àdéhùn náà ní èdè Faransé, ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gun, ẹ ní kí ẹnìkan tún un sọ ní Ànàgó, èdè tiwa, kí ẹ lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní wọn kò ní kọ orúkọ yín sára ìgò ẹ̀jẹ̀ náà. Ó ní bí ẹ bá kú, ẹbí yín ni yóò sọ bóyá kí iṣẹ́ náà máa lọ tàbí kó dúró. Ẹ tẹ àtàǹpàkò yín sí i, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára yín láti fi ránṣẹ́ sí labó wa, ẹ ra búrẹ́dì fún Ṣadé, ẹ sì wọ taksí padà sílé.

Ìyá mi, bí mo bá ní kí n ka ọjọ́ tí mo súnmọ́ yín jù láyé mi, àwọn ọjọ́ tí mo jìnnà sí yín jù ni. Nọ́ńbà nìkan ló wà lára ìgò yín, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ méjì méjì ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, omi kan tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí bísàápù, omi òdòdó ìṣápá, tí wọ́n fi omi là. Lọ́jọ́ Àìkú, bí ẹ bá ti ìsìn dé, ẹ ó pè mí, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi mí ni, "Ṣé o ti fún àwọn àbúrò rẹ lóúnjẹ?" Mo máa ń rẹ́rìn-ín títí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á fi yíjú wò mí. N kò mọ bí n óò ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a fi wọ́n sínú afárá, púpọ̀ nínú wọn kú. Mo pè yín pẹ̀lú ẹkún bí ẹni pé wọ́n tún ń sin Bíọ́dún lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ jẹ́ kí n sunkún tán, ẹ wá bi mí pé àwọn tó wà létí ńkọ́. Mo ní wọ́n wà dáadáa. Ẹ ní, "Àwọn ti àárín ló kú, àbí? Ẹ tò wọ́n súnmọ́ra jù. Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí nígbà tí mò ń kánjú. Ọ̀pẹ àárín kì í rí afẹ́fẹ́." N kò ní parọ́ nínú ìwé ìsìnkú yín: ọ̀gá wa náà ti ń ro ohun tó jọ ọ́, ó sì wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹnu yín ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹnu yín ló sì fún mi láyà láti dìde nínú ìpàdé láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n ní ká fẹ ihò náà lójú sí i. A fẹ̀ ẹ́. Kò yọrí. A tún un tẹ̀. Ní ìgbà kẹta wọ́n dúró, àti àárín àti etí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀.

Nígbà tí mo wálé, mo mú àwòrán wọn wá fún yín, bí awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá ṣe fi wọ́n hàn. Ẹ wọ díńgí ojú yín, ẹ gbé e síwájú ojú fèrèsé. Ẹ wò ó pẹ́. Ẹ ní, "Wọ́n lẹ́wà." Ẹ tún wò ó. "Ẹ̀dọ̀ mi tó wà nínú mi kò rí báyìí mọ́." Ẹ kò fi ìbànújẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ń sọ pé aṣọ kan ti gbó ni.

Láti ọdún náà ni ẹ ti ń lọ jókòó síwájú ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí àwọn aboyún ń wá. Ẹ̀yin èèyàn tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló bá ìyá mi níbẹ̀. Á ní kí ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì rí i pé ọmọ gba abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn náà lọ́jọ́ tí ẹ bá bí i. Àwọn mìíràn sá fún un. Bí ìyá kan bá ń ṣiyèméjì, ìyá mi á sọ ti Bíọ́dún fún un, á sì sọ ti Àdùkẹ́, títí kan ibi tí òun gbé kọjú sí ògiri. Nígbà mìíràn Àdùkẹ́ fúnra rẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ìyá mi, ẹ̀dọ̀ kékeré tó ti ara yín jáde ti fi ohun púpọ̀ hàn wá. A rí ibi tí àrùn náà ń fara pamọ́ sí nínú hóró. A dán oògùn wò lórí rẹ̀, ọ̀kan mú kó dín kù. Kò tíì di ohun tí dókítà lè fún ènìyàn, ọ̀nà rẹ̀ ṣì jìn, ó sì lè já sí òfo. Mo sọ fún yín bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà gbójú lé e. Ẹ ní kí n fẹ̀dọ̀ lórí òróòro. Ẹ ní, "Ọ̀pẹ tí mo ti gbìn láyé mi, mélòó ni mo jẹ nínú epo rẹ̀?"

Nígbà tí inú yín bẹ̀rẹ̀ sí í wú, gbogbo wa mọ ibi tó ń lọ. Oògùn tí ẹ ń lò láti Kútọnu ti mú yín dé ibi tó lè mú yín dé. Mo ti gba àyè ní iṣẹ́, mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí n gbéra. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo wà nínú yàrá iṣẹ́. Wọn kì í jẹ́ ká mú fóònù wọ ibẹ̀. Mo fún wọn lóúnjẹ, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo jáde, mo sì rí i pé Àdùkẹ́ ti pè mí títí. Ó ní ẹ ní kí òun gbé yín jókòó, kí òun ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ wo ọgbà yín. Ẹ ní ewé àwọn tó wà lẹ́bàá ògiri ti ń pọ́n, kó lọ bomi rin wọ́n. Ó bu omi, ó rin wọ́n. Kó tó padà wọlé, ẹ ti lọ.

Ní wákàtí yẹn, Ìyá mi, ẹ̀dọ̀ yín ni mò ń fún lómi. Ẹ̀yin ń kú ní Pobè, ẹ wà láàyè lọ́wọ́ mi, n kò sì mọ̀.

Nígbà tí mo délé, Bàbá Aguidi pe ẹbí jọ. Ó ti sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ó ní odidi ènìyàn ni ilẹ̀ ń gbà. Òun fẹ́ kí àbúrò òun sinmi pátápátá, kí apá kan rẹ̀ má máa ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó nígbà tí apá kejì wà nínú ilẹ̀. Ó ní ìwé àdéhùn fi í sọ́wọ́ ẹbí, kí ẹbí sọ pé ó tó. Gbogbo ojú yí sí mi. Bí mo bá ní kó máa lọ, wọ́n á ní iṣẹ́ mi ni mò ń gbè lẹ́yìn. Bí mo bá sì ní kó dúró, ọwọ́ mi ni n óò fi da yín nù. Kí n sọ òtítọ́, n kò tilẹ̀ mọ èyí tí mo fẹ́. Ó wù mí kí ẹ sinmi. Ó sì wù mí kí nǹkan yín kan ṣẹ́kù tí mo lè máa fún lóúnjẹ.

Àdùkẹ́ ló kúnlẹ̀ láàárín ilé. Kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Bàbá, nígbà tí wọ́n ní mo pa ọkọ mi, gbogbo ẹni tó wà níbí ló gbà á gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ Màmá ló sọ òtítọ́ fún yín. Ẹ dákun, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́."

Bàbá Aguidi tẹrí ba. Ó wá bi mí bóyá ó ń dùn wọ́n, àwọn hóró náà. Mo ní kò dùn wọ́n. Ó bi mí bóyá à ń fi ọ̀wọ̀ mú wọn. Mo ní mo máa ń wẹ ọwọ́ mi dé ìgúnpá kí n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Kó máa wà nígbà náà. Ṣùgbọ́n ìwọ ni kó máa tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe àlejò." Mo ṣèlérí níwájú gbogbo ẹbí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi tí a kì í ti í parọ́, ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí mi.

Ìyá mi, ó dára, ó sì dùn mí. Àwọn kan á máa tù mí nínú pé ẹ kò tíì kú tán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí mò ń wá. Ẹ̀dọ̀ kò mọ orúkọ mi. Kò lè bá mi jà nítorí ata. Kò lè fi àtẹ́lẹwọ́ tó le bí èèpo igi nu ojú mi lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá sú mi. Mo ń ṣàárò yín láti orí dé ẹsẹ̀, mo ń ṣàárò ìró ẹsẹ̀ yín lórí iyẹ̀pẹ̀ àti bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ kí ẹ tó sọ̀rọ̀ gidi. Kí Ọlọ́run tí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán sìn gbà yín. Kí Bíọ́dún wá pàdé yín lọ́nà. Ẹ sọ fún un pé Ṣadé ti ń wọ kíláàsì tó ga, ó sì jọ ọ́ bó bá ń rẹ́rìn-ín.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn ti lọ, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín. Láìrò ó, mo mú fóònù mi, mo tẹ nọ́ńbà yín. Ó dún nínú àpò mi, níbi tí Àdùkẹ́ fi fóònù yín sí pé kí n máa tọ́jú rẹ̀. N kò pa á. Mo jókòó tì í, mo jẹ́ kó máa dún títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ sùn re, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Aguidi. Ìyá Bíọ́dún, Ìyá mi, ẹ sùn re o.

Ọmọ yín,
Ìbídùn